TA NI ẸNI TÍ A Ń BỌ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò. Kí a sọ pé baba kan ń ṣiṣẹ́ ní Wharf Road ní Àpápá. Àkọ́bí rẹ̀, ẹni ọdún 22, ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ajégúnlẹ̀ lábẹ́ ìwé àdéhùn. Èkejì, ẹni ọdún 20, ti ń gba owó oṣù, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jẹun nílé baba. Èwo nínú wọn ni baba lè kà fún agbowó-orí?

Òfin ọdún 1993 yọ̀ǹda ₦2,500 lórí ọmọ tí kò tí ì ṣe ìgbéyàwó, títí dé ọmọ mẹ́rin, bí kò bá tí ì pé ọdún 16, tàbí bí ó bá wà ní ilé-ìwé tàbí lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Àkọ́bí ni a bá kà, kì í ṣe èkejì. Òfin kò wo ibi tí ọmọ ń sùn, bí kò ṣe ohun tí ó ń kọ́.

Òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 kò ka ọmọ mọ́. Owó ilé tí a ń san ni ó ń rò. Síbẹ̀ ìbéèrè náà kù fún ọkàn wa. Ẹni tí ó ka ọmọ tí ó ti dá dúró mọ́ àwọn tí ó ń bọ́ purọ́ fún ìjọba, ó sì sọ géńdé di ọmọ ọwọ́. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu: kí a ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tí ń bọ́ni.