Ta Ni Ó Ni Ẹnu Òǹkọ̀wé Eré?

Bí ìlú bá ṣe àjọ̀dún eré oníṣe, tí ó sì ní kí àwọn ọmọ ibẹ̀ gbé eré tuntun wá, ǹjẹ́ ó tọ́ kí òǹkọ̀wé gbé àbùkù ìlú rẹ̀ síta lójú àlejò? Àwọn kan yóò ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Àwọn ará Kétu ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Lóru, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀fẹ̀ a máa kọrin bú ẹni tí ó bá ṣìwà hù, ìbáà ṣe ẹni ńlá. A kì í sì tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìjúbà ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀: ó ń júbà òrìṣà, àgbà àti àwọn ìyá.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà kò fara mọ́ irú àṣà yìí ní ọdún 1964, nígbà tí wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ Hubert Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú. Òfin náà kò kúrò títí di 1966, lẹ́yìn tí ìjọba náà ti wó. Ìyapa tí eré náà kìlọ̀ rẹ̀ ti da agbègbè náà rú kí ó tó wó.

Lójú tèmi, ìlú ni ó ni ojú agbo, kò ni ẹnu òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n kí òǹkọ̀wé náà má gbàgbé pé ọmọ ilé ni òun: bí ilẹ̀ bá mọ́, àárín àwọn tí ó bú ni yóò jí sí.