ỌLỌ́RUN KÌ Í FI KÙMỌ̀ WA JÀ

Ẹ̀kọ́ kíkà: Lúùkù 9:51-56, Onídàájọ́ 6:25-32.



Ọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Olúwa wa fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa rẹ̀ nínú Mátíù 12. Ṣùgbọ́n ta ni a fi ṣe adájọ́ rẹ̀? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, Thomas Aikenhead lorúkọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, bí ẹni ogún ọdún. Ó máa ń fi Bíbélì ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òtútù mú, ó ní ì bá wu òun kí òun wà ní ọ̀run àpáàdì, kí òun lè rí iná yá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yìí náà ló jẹ́rìí sí i. Ó ronú pìwà dà, ó bẹ̀bẹ̀ pé ọmọdé ló ń ṣe òun. Dípò kí ìgbìmọ̀ gíga ìjọ bá a bẹ̀bẹ̀, ńṣe ni wọ́n ní kí òfin ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1697, wọ́n so ó kọ́ igi. Òun ni wọ́n pa kẹ́yìn nítorí irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tlándì. Ẹ̀yin ará, ọkàn ta ni wọ́n gbà là lọ́jọ́ náà?

Ẹ má gbàgbé o: ẹ̀sùn yìí kan náà ni olórí àlùfáà torí rẹ̀ fa aṣọ ya níwájú Jésù. Òun náà ni wọ́n fi sọ Stéfánù lókùúta. Àwọn tó ń sòkò rò pé Ọlọ́run làwọn ń jà fún!

Jóáṣì, bàbá Gídíónì, sọ fún àwọn ará ìlú pé bí Báálì bá jẹ́ ọlọ́run lóòótọ́, kí ó gbèjà ara rẹ̀. Báálì kò lè ṣe é. Ọlọ́run alààyè ńkọ́? Ṣé kùmọ̀ tiwa ló ń retí?

Nígbà tí wọ́n bá fi sùtánà funfun wa ṣẹ̀sín lọ́jà, inú a máa bí wa, ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa a sì máa wá igi. Àwa náà ńkọ́? Nínú agbo ilé kan ṣoṣo ní Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́, mùsùlùmí wà, onígbàgbọ́ wà, abọ̀rìṣà wà. Kí ni ẹnu wa ń sọ sí wọn? Ẹni tó ń pe ohun mímọ́ ẹlòmíràn ní ìdọ̀tí, kò yẹ kó sunkún bí wọ́n bá bú tirẹ̀.

N kò ní kí ẹ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ la fi ń fèsì ọ̀rọ̀, ìwà la sì fi ń jẹ́rìí. Ẹni tó bú ìgbàgbọ́ rẹ, tan àbẹ́là, kúnlẹ̀, dárúkọ rẹ̀ fún àánú, má dárúkọ rẹ̀ fún ègún.

Kí Olúwa fọ ẹnu wa àti ọwọ́ wa mọ́. Àmín. Halelúyà!