Pẹpẹ Tí Àlejò Kò Ní Rí

Bí àlejò bá wọlé wa, pálọ̀ la máa ń mú un lọ. Ibẹ̀ ni àga tó dára wà, ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wà, ibẹ̀ náà la gbé àwòrán ìgbéyàwó kọ́. Bó bá ní òun fẹ́ lo ilé ìtura, ẹnì kan á sáré lọ yẹ ibẹ̀ wò kí ó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ti mú àlejò lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ rí? Nínú ọ̀pọ̀ fúláàtì tí à ń rẹ́ǹtì lóde òní, kọ̀rọ̀ tóóró kan lẹ́yìn kíṣìnì ni: ẹnu ẹ̀rọ omi kan, báàfù méjì, ike ọṣẹ tó wà nílẹ̀, ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó. Nínú ilé tí kò ní irú kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni, lẹ́bàá kànga.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: ṣé ó yẹ kéèyàn ṣe irú ibi bẹ́ẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́? Mi ò sọ̀rọ̀ àtúnṣe o. Páìpù tó ń jò, gbogbo wa la mọ̀ pé ó yẹ ká dí i. Ẹwà ni mò ń sọ. Bí mo bá kan pẹpẹ mọ́ ara ògiri yàrá ìfọṣọ, tí mo kùn ún ní ọ̀dà tó dùn ún wò, tí mo gbé ewéko kékeré kan lé e lórí, ta ni mo ṣe é fún?

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ta ló fẹ́ wò ó níbẹ̀?” Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn síwá sẹ́yìn. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun sọ. Ẹnì kan wà tó ń dúró níbẹ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó ní ojú méjì bíi tiwa. Síbẹ̀, bí a bá bèèrè pé “ta ló fẹ́ wò ó”, a kì í ka ẹni yẹn mọ́ àwọn tó ń wo nǹkan. Ìyá wa ni, ìyàwó wa ni, ọmọ ọ̀dọ̀ ni, alágbàfọ̀ ni. A gbà pé ẹni tó bá jókòó ló ń wo ẹwà, pé ẹni tó bá dúró ti iṣẹ́ kò ráyè rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, àṣà tiwa gan-an kò fìgbà kankan sọ pé gbangba nìkan ni ẹwà ń gbé. Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Abẹ́ aṣọ ló ń wà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe ń rìn, ìyẹn sì ti tó. Àwọn àgbà tilẹ̀ fi pa òwe: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹbí la sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n mo rí ilé wa nínú rẹ̀. Pálọ̀, ti àlejò ni. Ẹ̀yìn ilé, ti àwa ni. Èwo nínú méjèèjì la wá ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí pẹpẹ náà ṣe rí, torí ọ̀rọ̀ ẹwà tí kò fọwọ́ kan pákó, ọ̀rọ̀ lásán ni. Pákó kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3 ti tó. Àjákù pákó wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà àdúgbò, owó rẹ̀ kì í pọ̀. Bó bá jẹ́ pákó páléètì lẹ rí, ẹ wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀ dáadáa. HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. MB túmọ̀ sí pé gáàsì methyl bromide ni wọ́n lò. Olóró ni, ẹ fi èyíinì sílẹ̀. Ẹ má lo pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀, torí omi àti ọ̀rinrin yàrá ìfọṣọ á mú un wú bíi búrẹ́dì inú tíì. Ẹ fi sáńpépà fá a kó dán, ẹ kùn ún yíká, títí kan ẹ̀gbẹ́ àti abẹ́ rẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀dà kò bá dé ni omi máa gbà wọlé. Lẹ́yìn náà, irin méjì tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L, síkúrù díẹ̀, ó parí. Èyí tí mo ṣe kò ná mi tó owó dátà oṣù kan.

Ibi tó gba ọgbọ́n jù ni ara ògiri. Ògiri búlọ́ọ̀kù kì í fúnra rẹ̀ di síkúrù mú. Èèyàn á kọ́kọ́ fi dírìlì lu ihò, á ki ike kékeré kan bọ inú ihò náà, á wá yí síkúrù wọ inú ike. Bí síkúrù ṣe ń wọlé ni ike ń fẹ̀, tó ń fún mọ́ ògiri nínú òkùnkùn. Artur Fischer, ará Jámánì, ló ṣe irú ike yìí ti náílọ́ọ̀nù ní 1958, orúkọ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń pè é títí dòní. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ike omi lítà 5 kan wúwo tó kílò 5. Bí ẹ bá to mẹ́rin irú rẹ̀ sórí pẹpẹ, kílò 20 ló ń fa ògiri yẹn, àwọn ike tí ẹnikẹ́ni kò rí ló sì ń gbé e dúró.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, irú nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí mi. Ẹni tó ń lo áàpù kan, bọ́tìnnì àti àwọ̀ ló ń rí. Kò ní rí kóòdù tó wà lẹ́yìn wọn láéláé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò burú kí kóòdù rí wúruwùru, bó bá ṣá ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1984, Donald Knuth kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ohun tó pè ní “literate programming”. Kókó rẹ̀ ni pé kí a máa kọ kóòdù bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ènìyàn, kì í ṣe bí ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ nìkan. Ìdí rẹ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá ti jí ní aago méjì òru láti tún kóòdù ẹlòmíràn ṣe. Àlejò kò wá síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ bá tò ó dáadáa, tó fún nǹkan ní orúkọ tó yé èèyàn, ńṣe ló dà bí ìgbà tó bá ẹ tan iná sílẹ̀. Kò mọ̀ ẹ́ rí, ṣùgbọ́n ó ronú kàn ẹ́.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Ẹwà ní ibi iṣẹ́ jẹ́ ọ̀nà láti sọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pé, “Mo mọ̀ pé o wà níbí.” Mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe àánú.

Ṣùgbọ́n àtakò kan wà tí n kò lè fò dá. Ẹnì kan lè sọ pé: ẹ̀yin tí ẹ ń kun pẹpẹ, eélòó lẹ ń san fún ẹni tó ń fọṣọ? Ṣé òdòdó lẹ fẹ́ fi bo ìyà mọ́lẹ̀? Òótọ́ pọ́ńbélé ni. A mọ ilé tí yàrá ọmọ ọ̀dọ̀ ti ní kọ́tìnnì tó rẹwà, tí ọmọ náà kò sì rí ilé ìwé lọ. A mọ ọkọ tó ra ẹ̀rọ ìfọṣọ fún ìyàwó rẹ̀, tó ya fọ́tò rẹ̀ síta, àmọ́ tí kò fọ ṣòkòtò tiẹ̀ rí. Irú ẹwà bẹ́ẹ̀, ṣekárími ni. Pálọ̀ ló kàn ṣí kúrò níwájú, tó lọ sẹ́yìn. Pẹpẹ kò lè rọ́pò owó iṣẹ́, kò lè rọ́pò ìsinmi, kò sì lè rọ́pò kí onílé náà ki ọwọ́ bọ omi ọṣẹ.

Báwo la ṣe wá fẹ́ mọ ẹwà tó jẹ́ ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ẹwà tó jẹ́ ìbòjú? Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, tó kọ ìwé Yoruba Art and Language ní 2014, ti fi hàn wá pé “ìwà” inú gbólóhùn yẹn jìn ju ọmọlúàbí nìkan lọ: ó kan wíwà, ó kan bí nǹkan ṣe jẹ́ gan-an. Igbá tí wọ́n fín ní Ọ̀yọ́ kò rẹwà kó wá máa jò. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ igbá ná. Bákan náà ni pẹpẹ ìfọṣọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ pẹpẹ fún ẹni tó ń lò ó, kí ọ̀dà ara rẹ̀ tó ní ìtumọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìpinnu tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni gíga rẹ̀. Nílé tiwa, èmi àti ìyàwó mi máa ń fọṣọ, ìyá kan sì ń wá bá wa ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Kí n tó lu ihò kankan, mo ní kí ìyá náà dúró síbẹ̀ kí wọ́n na ọwọ́. Mo ti fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó bá èjìká mi mu. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Tí mo bá ń nà gàgà báyìí, ọrùn ló máa ń dùn mí.” Mo ní, “Ó dáa, mà. Àwọ̀ wo lẹ fẹ́?” Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí nílé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wá ní àwọ̀ ewé, pé kí n sì kan ìṣó kan sí abẹ́ rẹ̀ tí àwọn á máa fi báàgì kọ́, kó má baà wà nílẹ̀ nínú omi mọ́. Ìṣó yẹn kò sí nínú àwòrán tí mo yà. Ìyá náà ni wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ó tún wà nínú èdè wa. Pẹpẹ la ń pe ibi tí à ń to ìkòkò sí, pẹpẹ náà la ń pe ibi tí à ń gbé ẹbọ lé. N kò sọ pé ọṣẹ di ohun ìrúbọ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí èèyàn bá gbé nǹkan kúrò nílẹ̀, ó ti fi hàn pé nǹkan náà ní iyì lójú òun.

Nítorí náà, ẹ̀yin èwe bíi tèmi tí ẹ ń kó wọ ilé tuntun, tí ẹ ń ṣírò owó kọ́tìnnì àti ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi ẹ̀yìn ilé sínú ìṣirò yín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ má wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ fọ aṣọ tiyín níbẹ̀ fún wákàtí méjì, lẹ́yìn náà kí ẹ bi ẹni tó ń fọ ìyókù.