Ká Tún Ọkọ̀ Ṣe, Tàbí Ká Fi Í Sílẹ̀ Bó Ṣe Wà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ṣé ó tọ́ ká yí ọkọ̀ akẹ́rù padà? Bedford láti Ìlú Ọba ni bọ́lẹ̀kájà ayé àwọn bàbá wa. Àwọn káfíńtà wa ló fi pákó kan ara rẹ̀. Iṣẹ́ ló béèrè rẹ̀. Ẹni tó ń kó gẹdú nínú ẹrẹ̀ igbó J4 ní Ìjẹ̀bú náà lè pààrọ̀ táyà. Ṣùgbọ́n gbígbé ọkọ̀ ga fún ṣekárími, ìnákúnàá ni. Suuratul-Isirai sì kọ̀ ọ́. Ẹni tó fi irin kún sípíríìnì kó lè di ẹrù púpọ̀, búréèkì rẹ̀ kò lágbára sí i: ẹ̀mí ọmọnìkejì ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ká tó pe mẹkáníìkì, ká bi ara wa: ta ni yóò jàǹfààní, ta ni yóò fara gbá? Kí Ọlọ́hun tọ́ wa sọ́nà. Àmín.