Kí Katapílà Tó Dé

Ilé dákẹ́, ikán kò dákẹ́. Láti bí wákàtí kan tí mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì láti ẹ̀yìn, ohun tí mò ń gbọ́ nìyẹn nínú igi àjà: ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, bí ẹni ń fi èékánná ha páálí. Ọyẹ́ ti mú lóde. Eruku ti tún bo orí pẹpẹ tí ìyàwó katikíìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ nù láàárọ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì àwa Àgùdà abúlé wa nìyí, lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Òkèhò. Amọ̀ ni ogiri rẹ̀, páànù orí rẹ̀ ti dógùn-ún, ó pọ́n bí epo. Àwọn èèyàn máa ń pòwe pé bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe òwe. Ogiri ọwọ́ òsì lanu láti òkè dé ilẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá sì ń ka Ìyìn Rere lọ́wọ́ ni aláǹgbá máa ń yọjú níbẹ̀. Lásìkò òjò tó kọjá, ogiri ni Fádà ń wò ju ìwé lọ. Ìdí nìyẹn tí ìpàdé ọjọ́ Ìsinmi fi fẹnu kò pé kí katapílà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Búlọ́ọ̀kù ti dé, sìmẹ́ǹtì ti wà nílé katikíìsì. Èmi náà nawọ́ pé kí wọ́n wó o, mi ò sì tíì yí ohùn padà. Mo kàn wá jókòó ni.

Ilé kan tí mo wọ̀ ní Róòmù ló ń jà lọ́kàn mi, lọ́dún tí èmi pẹ̀lú àwọn kan lọ ìrìn àjò mímọ́. Pétérù Mímọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mú wa lọ, bí wọ́n ṣe ń mú gbogbo èèyàn lọ. Ó tóbi. Èèyàn á wọ ibẹ̀, á di èèrà, ọrùn á máa dun ún. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún ìyẹn. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹta ni wọ́n mú wa dé San Clemente, tí kò jìnnà sí Colosseum. Láti ìta, o ò ní mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wọlé tí mo gbójú sókè, wúrà ló ń kọ mànà lókè pẹpẹ: àgbélébùú kan, ẹyẹlé funfun méjìlá lára rẹ̀, ìtàkùn tó lọ́ kiri gbogbo òfuurufú. Nísàlẹ̀ àwọn ìtàkùn náà, wọ́n ya àwọn èèyàn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, àwọn darandaran, àti obìnrin kan tó ń fún adìyẹ lóúnjẹ. Mo rẹ́rìn-ín, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí ló dé. Ìyá mi ni mo rí. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé nìyẹn, tí á fa ìró mọ́ orúnkún, tí á máa da èèrí àgbàdo kalẹ̀, tí á máa lé àkùkọ tó jẹun jù. Ẹnì kan ti to irú rẹ̀ sára wúrà ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Bí ọdún 1100 ni wọ́n kọ́ ilé tí a dúró sí yẹn. Ní 1857, Fádà ará Ireland kan, Joseph Mullooly, bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì bá ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn níbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kẹrin. Àwọn tó kọ́ ti òkè ló da iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta kún inú ti ìsàlẹ̀, tí wọ́n gbé tiwọn lé e lórí. Wọ́n tún wa abẹ́ ìyẹn, wọ́n bá ilé àwọn ará Róòmù àtijọ́, pẹ̀lú ojúbọ Mithras, òrìṣà tí àwọn ọmọ ogun wọn fẹ́ràn. A sọ̀kalẹ̀ débẹ̀. Ó tutù, ó ṣú, omi kan tí ojú kò rí sì ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, ṣọ̀rọ̀rọ̀. Omi ni ilé tiwọn ń gbọ́, ikán ni tiwa.

Mo ti máa ń rò pé àwa nìkan la máa ń wó ilé àtijọ́, pé bí owó bá ti dé ọwọ́ ará Òkè-Ògùn, ilé bàbá rẹ̀ wọ gbèsè. Àṣé irọ́ ni. Pétérù Mímọ́ tí mo ní ó tóbi yẹn, òkìtì àlàpà ló jókòó lé. Ọba Kọnstantínì ti kọ́ ọ̀kan síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin, ó sì ti lò ju 1,100 ọdún lọ kí Póòpù Julius Kejì tó fi òkúta ìpìlẹ̀ tuntun lélẹ̀ ní 1506. Wọ́n ń wó, wọ́n ń kọ́, ó di 1626 kí wọ́n tó ya tuntun sí mímọ́. Èkó náà kò yàtọ̀: ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ parí ní 1881 ti lọ, òmíràn ló wà níbẹ̀ báyìí. Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, nìkan ni mo ti rí i tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lójútáyé. Ibẹ̀ ni Fádà Borghero, ọmọ agbègbè Genoa ní Ítálì, gúnlẹ̀ sí ní 1861, òun náà ló sì dé Èkó lẹ́yìn ìgbà náà. Iwájú ilé òrìṣà Dàǹgbé, níbi tí wọ́n ti ń sin òjòlá, ni bàsílíkà Ouidah dúró sí. Wọ́n kọjú síra wọn bí aládùúgbò méjì tó máa ń kíra láàárọ̀. Àwọn ará Róòmù bo tiwọn mọ́lẹ̀. Èwo ló dára jù nínú méjèèjì? Mo ti bi ara mi títí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí àwọn ará Róòmù ṣe tí àwa kì í ṣe. Nígbà tí Póòpù Paul Karùn-ún fẹ́ wó èyí tó ṣẹ́ kù lára ilé Kọnstantínì, akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Giacomo Grimaldi kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: pẹpẹ, sàréè, àwòrán ara ogiri. Ó yàwòrán ohun tí ẹnu kò lè sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni òòlù tó dé. Òkúta ilé náà ti di ohun mìíràn, ìwé Grimaldi ṣì wà.

Ní ìsàlẹ̀ San Clemente, ìwé wà lára ogiri pàápàá. Wọ́n ya ọkùnrin kan tó ń pàṣẹ fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wọ́ Clement Mímọ́ lọ. Ojú wọn fọ́, òpó òkúta ni wọ́n ń fà láìmọ̀. Èébú tó ń bú wọn wà lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gẹ́ẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lójú títì, èébú tó kan ìyá. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Ó wà lára ohun àtijọ́ jù lọ tí a ní tí wọ́n fi èdè Ítálì kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbẹ̀ ni sàréè Cyril wà, ẹni tó kú sí Róòmù ní 869. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Methodius ló fún àwọn Slav ní ìwé kíkọ ní èdè tiwọn, àwọn èèyàn náà sì ti wá kan òkúta ìdúpẹ́ mọ́ ogiri lọ́kan-ò-jọ̀kan.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Òṣoògùn.

Ọmọ Òṣoògùn ni Àjàyí Crowther, ní Òkè-Ògùn níhìn-ín, kò jìnnà síbi tí mo jókòó sí. Àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú wọn ní 1821, lásìkò tí oúnjẹ àárọ̀ wà lórí iná. Ìsẹ́yìn ni wọ́n mú un wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi í ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin! Mo máa ń gba Ìsẹ́yìn kọjá lọ ra òwú fún àwọn ahunṣọ, ọjọ́ díẹ̀ sì ni mi ò ní rántí ẹṣin náà. Kì í ṣe Àgùdà. Ìjọ Áńgílíkà ló fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ṣùgbọ́n ní 1837 ó jókòó, ó kọ lẹ́tà kan, ó sọ bí àárọ̀ ọjọ́ náà ṣe rí, ibi tí ìyá rẹ̀ wà, ibi tí wọ́n gbà. Ní 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè wa jáde. Wọ́n ti pa Òṣoògùn ìgbà náà run, amọ̀ rẹ̀ ti padà di ilẹ̀ tí èèyàn ń gbin iṣu sí. Lẹ́tà yẹn la fi ń wọ ibẹ̀.

Tiwa ńkọ́? A mọ̀ pé 1949 ni Róòmù dá ẹkùn ìjọ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ lábẹ́ Fádà Owen McCoy, pé 1963 ni ó di díósísì, nítorí àwọn òyìnbó kọ ọ́. Àwọn tó po amọ̀ ibí yìí, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n mọ ogiri ní ìpele ìpele lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn. Bàbá katikíìsì àgbà ló mọ̀ wọ́n tán, a sì ti sin bàbá.

Mo ti ra ìwé ajáko kan, mo mú tépù dání. Gígùn inú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 41, ìbú rẹ̀ 18. Fèrèsé mẹ́fà, ọ̀kan ti dí. Ìnípọn ogiri, ìgbọ̀nwọ́ kan ó lé díẹ̀. Igi emi ni wọ́n fi ṣe bẹ́ǹṣì mẹ́ta, ìyókù jẹ́ pákó ọjà. Lẹ́yìn pẹpẹ, níbi tí ẹfun ti ṣí kúrò, ojú ọwọ́ kan wà lára amọ̀, tí ó ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù. Ọwọ́ ọmọdé ni. Mo wọ̀n ọ́n: ínǹṣì mẹ́rin ó lé díẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín. Mo gbé ìwé lé e, mo fi pẹ́ńsùlù yí i ká.

Lọ́la màá lọ jókòó ti àwọn ìyá arúgbó mẹ́ta tó ṣẹ́ kù, kí wọ́n dárúkọ ẹni tí wọ́n bá rántí. Ìwọ tó ń ka èyí, ní Ṣakí, ní Ìgbòho, ní Kìṣí, níbikíbi tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí alámọ̀ bá ṣì dúró sí, ìwé ajáko kò wọ́n. Jọ̀ọ́, ra ọ̀kan.