Ìgbátí Òrùlé àti Òpó Irin



Deutarónómì 22:8 pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun ṣe ìgbátí sí òrùlé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú. Òun ni ó ni ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọmọnìkejì ń bẹ níbẹ̀.

Láti ọdún 2001 tí tẹlifóònù GSM ti dé Nàìjíríà ni òpó irin ti ń wọ àárín ilé wa, ní Lọ́kọ́ja níhìn-ín pẹ̀lú. Onílẹ̀ ń gba owó. Aládùúgbò ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lóru, ó sì ń bẹ̀rù kí òpó má baà wó. Ní ọdún 2012, àwọn aláṣẹ pàápàá jiyàn: NCC ní kí òpó fi mítà 5 jìnnà sí ilé, NESREA ní mítà 10. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í dúró de ẹni tí yóò wọn ilẹ̀.

Ìwọ onílẹ̀, kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kí o tó fọwọ́ sí ìwé. Ìwọ aládùúgbò, sọ ẹ̀dùn rẹ fún un lójúkojú kí o tó lọ sí kóòtù. Àlejò ni ọ̀pọ̀ wa ní ìlú yìí. Bí iná bá sọ lóru, aládùúgbò ni yóò kọ́kọ́ dé.

Kí Olúwa fún wa ní àlàáfíà. Àmín.