Ilẹ̀ Kì Í Lọ Sílé Ìwé

Ìkànìyàn ọdún 2002 ka ènìyàn 71,511 ní kọ́múùnù Bassila ní orílẹ̀-èdè Benin. Nígbà tí wọ́n tún kà ní 2013, iye náà ti di 130,091. Láàárín ọdún mọ́kànlá yẹn, gbogbo Benin kúrò ní 6,769,914, ó di 10,008,749, ìyẹn ni pé ó fi bí ìdajì lé. Bassila ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìbímọ nìkan kọ́ ló fà á. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Atacora, níbi tí ilẹ̀ ti ṣá, tí wọ́n ń bọ̀ wá sí igbó tó yí Doguè, Manigri àti Bassila ká. Wọ́n ń kọ ebè iṣu, wọ́n ń gbin òwú àti àgbàdo, wọ́n ń bímọ sí abà, ọmọ náà sì ń dàgbà di ẹni tó yẹ kó lọ sílé ìwé. Síbẹ̀ arrondissement, ìyẹn ẹ̀ka kọ́múùnù, mẹ́rin náà ni Bassila ní: Bassila, Manigri, Alédjo àti Pénéssoulou. Àwọn ènìyàn ti ṣí, ìlà tí a fi pín wọn kò ṣí. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, nígbà tí a bá ń pín ẹkùn fún àwọn tí yóò máa pinnu ọ̀rọ̀ ilé ìwé, kí ló yẹ ká kà? Ṣé ilẹ̀ ni, àbí bí ìlú ti pẹ́ tó, àbí àwọn tó ní káàdì ìbò, àbí ènìyàn lásán?

Benin kò ní ìgbìmọ̀ kan tí aráàlú ń dìbò yàn fún ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nìkan. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni ìgbìmọ̀ kọ́múùnù. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999 ló gbé kíkọ́, ìtọ́jú àti ohun èlò ilé ìwé jéléósinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé kọ́múùnù lọ́rùn, ìbò oṣù kejìlá ọdún 2002 ló sì kọ́kọ́ gbé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wọnnì dé orí àga. Láti arrondissement kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń wá. Nígbà tí owó FADeC, ìyẹn owó ìdàgbàsókè tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn kọ́múùnù, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti 2008, iwájú wọn ni àríyànjiyàn ti ń wáyé: abúlé wo ni yóò gba yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí a ń kọ́ pọ̀ mọ́ ọ́fíìsì ọ̀gá? Ìjọba ti mú owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní 2006, àwọn ọmọ sì ti ya wọlé. Ibi tí yàrá kò bá ti sí, àwọn òbí ni wọ́n ń fi igi àti koríko ṣe àpátámù, wọ́n á gbé pátákó dúdú ti òpó, àwọn ọmọ á jókòó sórí igi tí wọ́n là. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé tòun ti ìjì, koríko á ṣí, omi á fọ ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó, wọ́n á sì ní kí ọmọ máa lọ sílé. Ọmọ tó jókòó síbẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ arrondissement, ṣùgbọ́n iye ènìyàn tó wà ní ìgbìmọ̀ tí yóò dárúkọ àpátámù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ibi tí ìlà náà gbà kọjá.

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ìwà ni ìlà yìí kó tó di ti àwọn tó ń wọnlẹ̀. Nínú ohun tí àwọn babaláwo fi kọ́ wa, kálukú ló kúnlẹ̀ yan orí tirẹ̀ kó tó wá sáyé. Baba kì í bá ọmọ yàn án, ọba kì í bá ìlú yàn án. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ kò lè sọ pé odidi ni orí ọmọ onílẹ̀, kí ti ọmọ àlejò jẹ́ ààbọ̀. Ọ̀nà mìíràn ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tó fìdí múlẹ̀ ní Bassila àti Manigri, gbà dé ibì kan náà. Súrà 83 nínú Àlùkùránì, àwọn tó ń gba òṣùwọ̀n kíkún fún ara wọn tí wọ́n sì ń wọn àìkún fún ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ dojú kọ. Àwọn àlùfáà a máa fi súrà yìí wáàsí fún ẹni tó ń ta àgbàdo. Òṣùwọ̀n ni ìlà ìbò pẹ̀lú. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá ń ṣojú fún ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn níhìn-ín, tí ẹlòmíràn ń ṣojú fún ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ́hùn-ún, àwọn ti ọ̀hún ti gba ààbọ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gbèrò láti rẹ́ wọn jẹ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti jà gidi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìpínlẹ̀ Alabama fi ìlà rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà láti 1901, àwọn ènìyàn ń kó lọ sí ìlú ńlá, ohùn wọn ń fúyẹ́ sí i, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní 1964 pé dandan ni kí àwọn ẹkùn dọ́gba ní iye ènìyàn. Ní Texas, ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n dìbò yàn láti ẹkùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń pinnu ohun tí ọmọ yóò kọ́ nílé ìwé, wọ́n sì tún ẹkùn wọn fà ní 2021 lẹ́yìn ìkànìyàn 2020. Texas yìí náà ni ẹjọ́ kan ti dìde tí ilé ẹjọ́ gíga náà dá ní 2016. Àwọn tó pẹjọ́ ní kí wọ́n máa ka àwọn tó lè dìbò nìkan. Ilé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ka gbogbo ènìyàn, tọmọdé tàgbà, tonílé tàlejò, nítorí gbogbo wọn ni aṣojú ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ìdájọ́ yìí bá bá ọ̀rọ̀ kankan mu, ti ilé ìwé ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè dìbò, òun gan-an ni ilé ìwé sì wà fún.

Onílẹ̀ yóò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi. Yóò ní bí a bá ka àlejò mọ́ wa lọ́gbọọgba, lọ́la wọn yóò fi ìbò gba ilẹ̀ baba wa. Ní àárín gbùngbùn Benin, ìdí kan náà ni a kì í fi í jẹ́ kí àlejò gbin kajú: igi tó bá ti fìdí múlẹ̀ lè di ẹ̀rí pé ẹni tó gbìn ín ló ni ilẹ̀. Ẹ̀rù yìí ti pa ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ àti ti ibi tí orí-ilé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-oòrùn Ifẹ̀ yóò wà ló tún dá ogun Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1997. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ogun yẹn ni ewu dída ohun méjì pọ̀ mọ́ra. Wọ́n so ìjọba mọ́ ilẹ̀ débi pé ẹni tó bá gba ọ́fíìsì dà bí ẹni tó gba oko. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni ilẹ̀, kí òfin sì dáàbò bò ó kí ìbò kankan má lè gbà á. Tí èyí bá ti dájú, kò sí ìdí tí a ó tún fi máa du ọmọ àlejò ní kíkà. Ilẹ̀ kì í lọ sílé ìwé. Ènìyàn ni í lọ.

Àtakò kejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ni yóò bi wá pé kí la fẹ́ fi ìlà àti iye ṣe, nígbà tí baálẹ̀ tàbí delege, olórí abúlé lábẹ́ ìjọba, lè sọ̀rọ̀ fún gbogbo abúlé. Kwasi Wiredu, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Ghana, gbèjà ohun tó jọ èyí: ó ní nínú ìṣèlú àwọn baba wa, a kì í ka ọwọ́, a máa ń jíròrò títí gbogbo ènìyàn yóò fi gbà, kí ohùn ẹni kékeré má bàa ṣègbé. Mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí ó tọ́ka sí àbùkù gidi tó wà nínú ìbò. Àmọ́ Paulin Hountondji, ọmọ Benin tó ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn àpérò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ti 1990, ti kìlọ̀ ṣáájú kí a má máa rò pé ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo Áfíríkà ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti abúlé. Abúlé tí onílẹ̀ àti àlejò jùmọ̀ ń gbé, ohun tí kálukú ń fẹ́ lórí ibi tí ilé ìwé yóò wà lè yàtọ̀ pátápátá. Ìjíròrò tí Wiredu ń fẹ́ dára, ṣùgbọ́n ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tó yẹ kó jókòó síbẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni iṣẹ́ ìlà.

Mo gbà pé iye nìkan kò tó. Kọ́múùnù tó fẹ̀ ju 5,600 kìlómítà níbùú lóròó, tó jẹ́ pé bí ènìyàn mẹ́tàlélógún péré ló bọ́ sórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan ní 2013, kò ṣeé pín bíi Cotonou. Tí a bá ní ká dọ́gba pátápátá, ọmọ ìgbìmọ̀ kan lè máa ṣojú fún abà tí kò ní lè dé ní ọ̀sẹ̀ kan, Nàgó Manigri tàbí Anii Bassila sì lè rò pé a ti fọ́ àwọn sí wẹ́wẹ́. Torí náà, kí a fàyè gba ìyàtọ̀ díẹ̀ nítorí ọ̀nà jíjìn àti nítorí àwùjọ tó ti wà pọ̀. Ìyàtọ̀ tó ní ìdí tí a lè sọ jáde lójú gbogbo ènìyàn kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Èyí tó ń di ìrẹ́jẹ ni èyí tí kò sẹ́ni tó pinnu rẹ̀, tó kàn ń gbòòrò sí i nítorí pé a kò padà yẹ ìlà wò. Benin fi kún abúlé àti àdúgbò lábẹ́ òfin 2013, láti bíi 3,700 sí ohun tó lé ní 5,200. Ó tún sọ ìjókòó aṣòfin 83 di 109 fún ìbò 2023, ṣùgbọ́n ó fi ẹkùn mẹ́rìnlélógún náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n máa yẹ ẹkùn ìdìbò wò, kí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ má sì dín ní ọdún mẹ́wàá, síbẹ̀ ìlà 1996 ni wọ́n ṣì ń lò. Àfikún ìjókòó kì í ṣe àtúnpín.

Ó ku ẹni tí yóò di kálàmù mú. Àwọn tó jókòó lórí àga nípasẹ̀ ìlà àtijọ́ kọ́ ló yẹ kó dá fa ìlà tuntun. Bí ìkànìyàn kọ̀ọ̀kan bá ti jáde, kí wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ wá sí gbangba ní arrondissement kọ̀ọ̀kan, kí delege, ẹgbẹ́ òbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti aṣojú àwọn tó wà ní abà jùmọ̀ wò ó, kí wọ́n kọ àròyé wọn sílẹ̀ kó tó dé ọwọ́ àwọn aṣòfin ní Porto-Novo. Ìwé méjì ni kó wà lórí tábìlì náà: iye ọmọ tó ti tó ilé ìwé ní abúlé àti abà kọ̀ọ̀kan, àti bí wọ́n ti ń rìn jìnnà tó kí wọ́n tó dé kíláàsì.